Ó Pe Ọmọ Mi Lórúkọ

Mo ti sọ fún wọn pé rárá. Ọjọ́ Iléyá ni mo sọ ọ́, nínú pálọ̀ ìyá mi ní Akpakpa, pẹ̀lú ẹran àgbò lẹ́nu. Mùíbì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló béèrè. Ó ní kí n fún òun ní Màríámù, ọmọ mi kan ṣoṣo, kó máa bá òun àti ìyàwó òun gbé ní Gàbọ́n. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára. Ó ní oore ni òun fẹ́ ṣe mí. Bí ẹni tó ní kí n na iyọ̀ sí òun ló ṣe béèrè rẹ̀. Mo gbé ẹran mì, mo ní, "Fòfó, rárá o." Fòfó là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kútọnù, orúkọ ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ọ̀wọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tẹjú mọ́ àwo. Ìyá mi ní ká jẹun kí ọbẹ̀ má tutù. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀! Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, Mùíbì sì mọ òwe yẹn jù mí lọ.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ó pè mí. Ó ní òun ti háyà ilé kan lórí erékùṣù kékeré, ní àárín ọ̀sà lẹ́yìn Tógbìn, pé kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ àfi igi àgbọn àti ẹyẹ. Kí gbogbo wa lọ sinmi níbẹ̀, kí a ṣe fàkáǹsì. Fàkáǹsì! Ìdílé wa ò ṣe fàkáǹsì rí. Bó bá rẹ̀ wá, ẹní là ń tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ìyá mi bá rí àwọn tó ń rọ́ lọ sí etí òkun Fidjrossè ní ọjọ́ Àìkú, á ní ṣé iyanrìn ni wọ́n fẹ́ lọ jẹ ni. Òun náà ló wá lọ ra fìlà koríko fún ìrìn àjò yìí.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe torí Màríámù ni ẹ ṣe fẹ́ kó wa lọ sórí omi?"

Ó ní, "Wàláì, Rùká, ìsinmi lásán ni."

Obìnrin tó ti dé Mẹ́kà ló búra bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Ìyá mi ni.

Ọlọ́kọ̀ kan ló gbé wa láti etí omi Tógbìn. Ọkùnrin náà kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó sọ ẹrù wa kalẹ̀ tán, ó ní òun ò ní padà wá àfi bí wọ́n bá pe òun, Mùíbì nìkan ló sì fún ní nọ́ńbà, torí òun ló háyà ilé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ pé ó ṣé. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi dúró tì í, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ka àpò ẹrù.

Ilé náà dára, mi ò ní parọ́. Ibùsùn fífẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn funfun, omi tó ń rọ̀ láti òkè ní balùwẹ̀. Yíká gbogbo rẹ̀, omi ọ̀sà tó pọ́n bíi tíì ni, àti àwọn igi tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀. Rẹ́zò tí pọ́tábù, fóònù alágbèéká, fi ń ṣiṣẹ́ ò sí níbẹ̀, àfi ní igun kan lọ́dẹ̀dẹ̀, kí a sì tó tú ẹrù, Mùíbì ti gbé àga rẹ̀ sí igun náà. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè.

Lọ́lá ló pín yàrá. Ó fi èmi nìkan sí ọ̀kan, ó fi òun àti ọkọ rẹ̀ sí ọ̀kan, ó ní kí Màríámù sùn ti ìyá rẹ̀ àgbà. Mo ní ọ̀dọ̀ mi lọmọ mi ń sùn. Ìyá ní, "Ṣé mi ò lè sun ti ọmọ-ọmọ mi mọ́ ni? Kí lo rò pé mo máa fi í ṣe?" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi ẹnu aṣọ nu ojú tí kò sí omi níbẹ̀. Mo gbà. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an nìyẹn, kí wọ́n ráyè sọ Gàbọ́n sí i létí nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, inú mi ò dùn mọ́. Bí mo bá bu oúnjẹ sí àwo ọmọ mi, Lọ́lá á fi ẹja kún un. Bí mo bá ní kó má mu omi tútù, ó ti mu ún. Wọ́n ti ra aṣọ ìwẹ̀ fún un wá láti ìlú, wọ́n ra bàtà, wọ́n ra ìwé tó ní àwòrán. Mo ta òkìrìkà ní ọjà Missèbo fún ọdún pípẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ fa ojú oníbàárà. Wọn ò tíì jẹ́ kó mọ iye tó máa san.

Èyí tó kọ́kọ́ mú mi gbaná jẹ ni ọ̀rọ̀ irun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo di irun ọmọ mi ní ṣùkú, kí a tó kúrò nílé. Nígbà tó di Sátidé, mo bọ́ sí ìta, mo rí Lọ́lá tó jókòó lábẹ́ àgbọn pẹ̀lú orí ọmọ mi láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú gbogbo irun náà. Ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu, pupa àti funfun.

Mo ní, "Ìyàwó, ta ló ní kó o tú u?"

Ó ní, "Eyínfúnjowó mi, ẹ má bínú. Mo rí i pé ó ti gbó díẹ̀ ni."

Irun ọjọ́ Jímọ̀ ló gbó ní Sátidé! Mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Mi ò ní tún un sọ níbí, torí àwọn ọmọdé lè máa kà á. Mùíbì ké sí mi láti orí àga rẹ̀ pé kí n má ba fàkáǹsì jẹ́. Màríámù ò gbé orí sókè. Lọ́lá ń bá irun rẹ̀ lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ní láti mọ nǹkan kan nípa ilé wa. Ará Ṣakété ni wá. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bí ọmọ náà tiẹ̀ ń rákòrò. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹbí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ ẹ̀yẹ tí yóò máa fi pè é. Ìdí nìyẹn tí Lọ́lá fi ń pè mí ní Eyínfúnjowó, torí eyín mi funfun. Màríámù, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n gbé Lọ́lá wá, Awẹ́lẹ́wà ló sọ ọ́. Lọ́dún tó wọlé, ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Màrí", kò tíì pè é tán tí Ìyá fi ké mọ́ ọn láti inú yàrá: "Ìyàwó, ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?" Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré, ó ra bísíkíìtì fi bẹ̀ ẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò ṣì í pè mọ́ láti ọjọ́ náà, kódà lórí pọ́tábù láti Gàbọ́n. Ọmọ tí obìnrin bá bí, tàbí èyí tí ẹbí bá gbé lé e lọ́wọ́ pé kó máa ṣe ìyá rẹ̀, ìyẹn nìkan ló lè máa pè lórúkọ bó ṣe wù ú.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi àti Ìyá àti Mùíbì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́lá wà nílé ìdáná, ó ń din ẹyin. Màríámù ti rìn wọ inú ọ̀sà, omi ò sì ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Kò sí ewu kankan, ẹnikẹ́ni ò sáré, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rù. Lọ́lá yọjú lójú fèrèsé.

"Màríámù! Jáde nínú omi yẹn, wá jẹun, kí n tó wá bá ọ níbẹ̀!"

Ọmọ náà dáhùn, "Mo ń bọ̀, Màmá!"

Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn, torí èmi ló ń pè ní Màmá láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ìgbà tí mo rí i pé fèrèsé ilé ìdáná ló kọjú sí, mo pa ẹnu mi dé.

Mo wo Ìyá. Mo ń dúró kó ké, bó ṣe ké lọ́jọ́sí. Ìyàwó rẹ̀ ti pe ọmọ ilé lórúkọ, gbangba, lójú gbogbo wa, kò tiẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mú ṣúgà kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro tíì rẹ̀. Ó rò ó, ó rò ó, ṣúgà ti yọ́ tipẹ́. Kò gbé ojú sókè. Mùíbì náà ń wo pọ́tábù tí iná ojú rẹ̀ ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ọmọ mi tọrẹ, èmi nìkan ni wọn ò tíì sọ fún.

"Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́."

"Ìyàwó yín pe ọmọ ilé lórúkọ, tíì lẹ sì ń rò."

"Rùká, jẹun ná."

"Ẹ ti fún wọn."

Mùíbì gbé pọ́tábù kalẹ̀, ó wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí. Ó ní, "A fẹ́ sọ fún ọ lónìí náà ni. Ìyá ti gbà. Bàbá ọmọ náà ti gbà, mo lọ bá a ní Ṣàgámù fúnra mi. Ní ọ̀la, bí ọkọ̀ bá gbé wa dé Tógbìn, pápá ọkọ̀ òfurufú là ń lọ tààrà. Ó ti ní àyè nílé ẹ̀kọ́. Ìwọ nìkan ló kù, a ò sì fẹ́ ariwo. Ìdí tí mo fi gba ibí nìyẹn. Kò sí aládùúgbò."

Bàbá ọmọ náà! Ọkùnrin tó lọ ra ọjà ní Ṣàgámù tó sì gbàgbé ọ̀nà ilé! Mo dìde, àga mi ṣubú sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ búra fún mi."

Ìyá wá gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ le, kò ní ìtìjú kankan nínú. Ó ní, "Mo búra torí kí o lè wá. Ọlọ́run á dárí jì mí. Èmi ni àgbà ilé yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ kì í ṣe ti ẹnìkan, ọmọ ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò rí bí, ìwọ rí bí, o ò sì rí tọ́. Kí ló ṣòro nínú ẹ̀?"

"Ta ló ní mi ò rí tọ́?"

Mùíbì ní, "Kí lo fi ń tọ́ ọ? Òkìtì òkìrìkà? Yàrá kan ṣoṣo, níbi tí àwọn jórinjórin ti ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́?"

Lọ́lá ti jáde láti ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ṣíbí ìdín-ẹyin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ dákun."

"Má pè mí ní Eyínfúnjowó. Ṣebí o ti mọ orúkọ gbogbo wa báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà bà á. Mo fẹ́ kó bà á. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ohun tí mi ò rí i ṣe rí, ó wò mí lójú. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún gbogbo yín. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀yin, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní. Oyún bàjẹ́ lára mi, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. Èmi náà fẹ́ pe ọmọ kan lórúkọ kí n tó kú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdúró rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó ṣe mí láàánú dé ọkàn. Ṣùgbọ́n àánú tí mo ní sí ẹnìkan ò lè di ọmọ fún un. Mo yí padà sí ìyá mi, torí òun ni ìjà mi wà pẹ̀lú, kì í ṣe Lọ́lá.

"Ìyá, ẹ rántí Pobè?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o máa dé Pobè. Kí ló ṣe ọ́ ní Pobè? Ṣé o kú ni?"

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n fún àbúrò bàbá mi obìnrin ní èmi, ní Pobè. Obìnrin náà kò bímọ. Kì í ṣe ìkà, ẹ má rò pé ó nà mí tàbí pé ó febi pa mí. Ó tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń lọ dúró ní ibùdókọ̀, kí n máa wo ojú àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ Kútọnù. Iléyá nìkan ni ìyá mi ń wá, Iléyá mìíràn a sì kọjá kí ó má wá.

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n wọṣọ fún mi, wọ́n gbé mi. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ wá ní Iléyá, ẹ kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún yín. Èmi gan-an. Ẹ wo ojú mi, ẹ ní, 'Ọmọ dáadáa, Rùká ńkọ́?'"

Mùíbì ò gbọ́ ọ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìyá gbé ife tíì rẹ̀, ó mu ún, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "O ti ga ni."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Bóyá ẹkún ló ń pa mọ́ra, bóyá kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti pa mọ́ra, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ní, "Mùíbì, pe ọlọ́kọ̀." Mi ò pè é ní fòfó mọ́.

Ó mú pọ́tábù, ó tì í sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. "Ọlọ́kọ̀ ń bọ̀ lọ́la."

Mo wọlé, mo kó aṣọ èmi àti ọmọ mi sínú àpò. Mi ò mú èyí tí wọ́n rà. Nígbà tí mo jáde, Màríámù ti dé láti inú omi, aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ ń kán tótó, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo fà á gba ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn igi inú omi ti là díẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé ni mo ti ń rí àwọn obìnrin tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, tí wọ́n ń gbé ẹja lọ sí Tógbìn. Mo dúró sínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mùíbì dúró lẹ́yìn mi, ó ń sọ fún mi pé wèrè ti ń mú mi, pé àwọn ará Pobè ni wọ́n bà mí jẹ́. Ó ní ará Pobè! Àwọn tí ìyá rẹ̀ fi mí fún!

Ọkọ̀ kan yọ. Àwọn obìnrin méjì ló ń wà á, apẹ̀rẹ̀ ẹja kún àárín rẹ̀. Mo fi èdè Ègùn ké sí wọn, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé èmi àti ọmọ mi dé èbúté. Mùíbì náà ké, ó fi Faransé sọ fún wọn pé ilé tí òun háyà ni, wọn ò gbọdọ̀ gúnlẹ̀. Àgbà inú àwọn obìnrin náà bi mí léèrè pé kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ. Mo ní kò sọ nǹkan kan. Wọ́n yí imú ọkọ̀ sí wa.

Nígbà tí Mùíbì rí i pé wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́, ó yí ohùn padà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ó dáa. O ní ẹnikẹ́ni ò bi ọ́ nígbà Pobè. Bi ọmọ rẹ. Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ní òun ò lọ, mo gbà."

Mo mọ̀ pé pàkúté ni. Ojú rẹ̀ balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá ti dé, fìlà koríko lórí. Lọ́lá ti dé. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí ojú èmi àti ọmọ mi lè gún régé.

"Màríámù, kí lo fẹ́?"

Ó ń fọwọ́ yí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́nu irun rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ àgbà, ó wo Lọ́lá. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ, Màmá."

"Lọ síbo?"

"Gàbọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ̀yin ń pariwo jù. Tántì Lọ́lá kì í pariwo."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ ní gbogbo ara. Òótọ́ ni. Mo ń pariwo. Mo ń pariwo sí oníbàárà, mo ń pariwo sí oní-zémì tó ń fi alùpùpù gbé mi, mo sì ń pariwo sí i nígbà tó bá rẹ̀ mí, ó sì ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́. Ọmọ mi kò parọ́ kankan. Mùíbì na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó ń sọ pé ṣé o ti gbọ́.

Mo dìde. Mi ò pariwo. Mo ní, "Mo ti gbọ́ ọ. Wọ inú ọkọ̀."

Mùíbì ké, "O bi í, ó sì dáhùn!"

"Mo bi í, mo sì gbọ́. Ọmọ ni, kì í ṣe ìbò là ń dì."

Mo gbé e. Ó ti wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá mi níkùn, ó ń ké pe Tántì, Tántì. Lọ́lá wọ inú omi dé orúnkún, ó na ọwọ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ó lè já ọmọ náà gbà mọ́ mi lọ́wọ́ bó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kò ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún un torí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní sọ ọ́ fún un láéláé.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò ké, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. "Rùkáyátù, bí o bá fi lè bá ọkọ̀ yẹn lọ, má wá síbi òkú mi."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ó pẹ́ láyé."

Àwọn obìnrin náà ti ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Àwa méjì jókòó sórí igi pẹlẹbẹ kan, ṣùgbọ́n kí a tó kọjá àwọn igi tó wà létí omi, Màríámù ti dìde, ó ti lọ jókòó sí iwájú láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo mú aṣọ gbígbẹ nínú àpò, mo na án sí i. Kò gbà á. Mo fi í bò ó léjìká. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó bọ́ sórí ẹja.

Àgbà obìnrin náà bi mí bóyá èmi ni mo bí i.

Mo ní, "Èmi ni."

"Kí ló ṣe é tó ń sunkún báyìí?"

"Ó ń bínú sí mi."

Obìnrin náà ní ìbínú ọmọdé, kí oòrùn tó wọ̀ ló ń tán. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí tèmi kò tán. Èmi náà bínú sí ìyá mi ní Pobè fún ọdún mẹ́wàá, ojoojúmọ́ ni mo ń bínú, kò sì mọ̀, torí kò sí níbẹ̀ láti rí i. Bí ìbínú mi ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ga, ìyá mi sì dé ẹnu ọ̀nà, kò dá wa mọ̀.

Kí Màríámù bínú sí mi. Kó bínú títí yóò fi dàgbà. Yàrá kan ṣoṣo la ní ní Akpakpa; ibi yòówù kó kọjú sí, ojú mi á tó o.